Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún padà: amí wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà ilé mi yìí?

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Adéníkẹ̀ẹ́ ni mò ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe nínú ilé, mò ń bá àwọn ọmọ LAUTECH tẹ project, mo sì ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ jáde. Láptọ́ọ̀pù HP kan ni mo fi ń ṣe é, tòkunbọ̀ ni, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí nǹkan ti yí padà. Bí mo bá ṣí Chrome, ojú ewé kan tí n ò mọ̀ rí ló ń yọ, kì í ṣe Google mọ́. Bí mo bá wá nǹkan, á kọ́kọ́ gba ibòmíràn lọ kó tó dá mi lóhùn. Ìpolówó ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, tẹ́tẹ́ àti oògùn ọkùnrin, àní nígbà tí n ò ṣí Chrome rárá. Ọmọ mi ọdún mẹ́sàn-án wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí ọ̀kan yọ, ojú tì mí. Fáànù inú ẹ̀ wá ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé bí mo bá tàn án, tí ojú ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, fèrèsé dúdú kékeré kan á yọ fìrí, á sì wọlé padà kí n tó ka ohun tó wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n fi Facebook mi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn mi. Àbúrò mi tó wà ní Ìwó fi 15,000 náírà ránṣẹ́ kó tó wá pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó ti dé?" Mo ní, kí ló dé?

Mo ti lọ sí Control Panel, mo yọ nǹkan méjì tí n ò mọ̀ kúrò. Bí mo ṣe pa á tí mo tún un tàn, wọ́n ti padà. Mo yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mo yọ wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbé e lọ bá atúnṣe kan, ó fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ó gba 6,000 náírà. Ọjọ́ kejì gan-an, fèrèsé dúdú yẹn tún yọ. Antivirus inú ẹ̀ ní kò sí nǹkan kan. Ṣé kí n kúkú tà á ni?

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́

Mummy, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tà á o, chapter 4 mi ṣì wà lórí ẹ̀ 😭

Ẹ bi àwọn tó ń wo fíìmù ọ̀fẹ́ nínú ilé yín léèrè ná. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá_Tíṣà | Ọjọ́ Ajé, 8:52 alẹ́

Ọmọ mi, kò le tó bẹ́ẹ̀. Antivirus kan ṣoṣo ni kò tó. Mẹ́ta lèmi fi sórí tèmi. Bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á máa ṣọ́nà.

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi o, ajá mẹ́ta nínú àgbàlá kan ṣoṣo, ara wọn ni wọ́n máa gé jẹ. Antivirus kan á rí fáìlì tí èkejì tì mọ́lé, á ní olè nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí Defender tó bá Windows wá fi máa ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra ẹ̀ bí ẹ bá gbé òmíràn wọlé. Ọ̀kan tó.

Ìyá Ayọ̀, ẹ má tà á. Bí ẹ bá tà á báyìí, àṣírí yín lẹ bá a tà. Ohun tí mo rò ni pé nǹkan méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó ń polówó tẹ́tẹ́ yẹn, aláriwo ni, owó ìpolówó ló ń wá. Èyí tó mú Facebook yín kì í pariwo ní tiẹ̀. Irú wọn á lọ síbi tí Chrome ń tọ́jú páswọ́ọ̀dù tí ẹ ní kó bá yín rántí, á palẹ̀ ẹ̀ mọ́. Á tún kó kúkì, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí Facebook dá yín mọ̀ lójoojúmọ́ láì tún béèrè páswọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ti ní kúkì yẹn lọ́wọ́ ti wọlé tán, páswọ́ọ̀dù ò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun lálẹ́ yìí, ẹ pa hotspot yín kí kọ̀ǹpútà yẹn má rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ẹ wá mú fóònù, fóònù ni mo wí o, kẹ́ ẹ fi yí páswọ́ọ̀dù yín. Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà yẹn, bí ẹ ṣe ń tẹ tuntun ni amí á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ímeèlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yí, torí ẹni tó bá ní ímeèlì yín lè fi gba gbogbo ìyókù padà. Lẹ́yìn ẹ̀, Facebook. Lẹ́yìn ẹ̀, ilé ìfowópamọ́. Níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibi tó ti ń ka àwọn ẹ̀rọ tó wọlé, ẹ lé gbogbo wọn jáde pátápátá. Ìyẹn ló ń sọ kúkì tí wọ́n jí di òkú. Kẹ́ ẹ sì tan èyí tó ń béèrè nọ́ńbà kejì lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù.

Bí ẹ bá ṣe é tán, ẹ ṣí Chrome láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta tó wà lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Kí ló kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá?

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. N ò sùn. Mo ti yí ímeèlì, mo ti yí Facebook, mo sì ti yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí WhatsApp. Lórí Facebook, ẹ̀rọ mẹ́rin ni mo bá níbẹ̀: fóònù mi, kọ̀ǹpútà yìí, àti Windows méjì tó ń wọlé láti ìlú tí n ò dé rí láyé mi. Mo lé gbogbo wọn. Ilé ìfowópamọ́, nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì ni mo fi pè wọ́n, wọ́n ti bá mi ti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pa ná. Mo máa lọ síbẹ̀ fúnra mi bí ilẹ̀ bá mọ́ dáadáa.

Ohun tó kọ sí ìsàlẹ̀ Chrome ni "Managed by your organization". Organization wo? Èmi àti adìẹ ẹ̀yìnkùlé? Mo sì rí extension kan, ètò kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ Chrome, tó ní PDF lòun ń yí padà. Àwọn tó kù ní bọ́tìnì Remove, òun nìkan ni kò ní.

Àǹtí_Akẹ̀sán | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:10 àárọ̀

Ẹ kú ewu o, Ìyá Ayọ̀. Ìlú Ọ̀yọ́ lèmi wà, mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré nítòsí Akẹ̀sán. Irú ẹ̀ ti ṣe mí rí. Mo fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbàkigbà tí mo bá tún Chrome gbé wọlé tí mo sì wọ àkáńtì Google mi, extension burúkú yẹn á ti dé kí n tó mumi. Mo rò pé ọwọ́ ayé ni. Mo ti fẹ́ pe alufáà.

Àṣé èmi fúnra mi ni mò ń gbé e wọlé. Sync ló ń jẹ́. Google ń tọ́jú extension àti sẹ́tíńgì yín sórí àkáńtì, ibi tí ẹ bá sì ti wọlé ló ń kó gbogbo ẹ̀ dé. Fọ́ọ̀mátì ti fọ ilé mọ́, àmọ́ ẹrù olè ṣì wà nílé aládùúgbò tó ń bá a tọ́jú ẹ̀. Ẹ pa sync, kẹ́ ẹ sì pa dátà sync tó wà lórí àkáńtì yín rẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀

Òótọ́ ni Àǹtí sọ, kí Ìyá Ayọ̀ pa sync. Àmọ́ èyí tí kò ní bọ́tìnì Remove yìí, kì í ṣe sync nìkan.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. Iléeṣẹ́ ńlá tó bá ní kọ̀ǹpútà ọgọ́rùn-ún lè pàṣẹ pé extension báyìí gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo wọn, òṣìṣẹ́ kankan ò sì gbọdọ̀ yọ ọ́. Chrome á gbọ́ràn. Amí yìí ti sọ ara ẹ̀ di ọ̀gá iléeṣẹ́ nínú ilé yín. Ẹ tẹ chrome://policy síbi tí ẹ ti ń tẹ àdírẹ́sì. Bí ẹ bá rí ExtensionInstallForcelist, lẹ́tà 32 tó lọ́ mọ́ra wọn ló máa wà níwájú ẹ̀. Orúkọ ẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ wá ṣí regedit, ibi tí a ti ń rí sẹ́tíńgì inú Windows, ẹ lọ sí HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Policies\Google\Chrome. Lórí kọ̀ǹpútà inú ilé, kò yẹ kí nǹkan kan wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi Export tọ́jú ẹ̀dà, kẹ́ ẹ tó pa fódà Chrome yẹn rẹ́. Ẹ wo HKEY_CURRENT_USER náà bákan náà. Ẹ rọra o, regedit kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:33 ọ̀sán

Ó lọ! Extension lọ, organization lọ, mo jó nínú yàrá.

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:51 ọ̀sán

Mo pa á, mo tún un tàn. Fèrèsé dúdú yọ fìrí. Organization ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ò sí lórí ẹ̀ o! Ẹ gbà mí.

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2:02 ọ̀sán

Ah. Àbíkú ni.

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:15 ìrọ̀lẹ́

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Bó ṣe padà láìsí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ó dùn mọ́ mi. Inú ẹ̀rọ ni ẹni tó ń pè é padà wà nìyẹn, kì í ṣe ìta, fèrèsé dúdú yẹn sì ni ohùn ẹ̀. Ìṣe tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Windows ń ṣe é ní kíá bí ẹ bá ti wọlé.

Láyé Windows XP, ibi tí irú wọn ń sá pamọ́ sí ò pọ̀, ẹ lè fi msconfig rí wọn. Nísinsìnyí Task Scheduler, ibi tí Windows ń to iṣẹ́ tó máa ṣe fúnra ẹ̀ sí, ni wọ́n fẹ́ràn, torí ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ yẹn síbi ìwárí Windows, ẹ ṣí i, ẹ tẹ Task Scheduler Library lọ́wọ́ òsì. Ẹ máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wo Triggers, kẹ́ ẹ wá wo Actions. Ẹ má wo orúkọ. Orúkọ wọn dára ju tèmi lọ. Ibi tí fáìlì tó ń pè wà ni kẹ́ ẹ wò. Iṣẹ́ Google tòótọ́ máa ń pe nǹkan láti inú Program Files. Èyí tó bá ń fi wscript tàbí powershell, àwọn ètò Windows tó ń ṣe àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀, pe fáìlì láti inú AppData, fódà tí àwọn ètò ń tọ́jú nǹkan wọn sí, ẹ dúró tì í.

Mo ń lọ síbi iṣẹ́ kan ní Sábó, mo máa padà wọlé lálẹ́.

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo rí i. Ọkàn mi ń lù kìkì.

Orúkọ ẹ̀ jọ ti Google, àmọ́ wọ́n kọ Update, wọ́n fi "a" kan kún un: Updaate. Mo kà á kọjá lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rí i, èmi tí mò ń fi títẹ̀wé jẹun! Nínú Triggers, ó ní bí mo bá wọlé, kó ṣiṣẹ́, kó sì máa tún un ṣe ní wákàtí wákàtí. Nínú Actions, wscript.exe, lẹ́yìn ẹ̀ fódà kan nínú AppData\Roaming tí orúkọ ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà lásán, àti fáìlì kan tó parí sí .vbs.

Mo wá fódà yẹn lọ. Ó ń fara pamọ́, mo ní kí Windows fi ohun tó pamọ́ hàn mí kí n tó rí i. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá a: ọjọ́ tí mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ atúnṣe, 4:47 ìrọ̀lẹ́. Ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Bàbá_Tíṣà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:22 ìrọ̀lẹ́

.vbs! Mo mọ ọ̀rẹ́ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Oṣù Karùn-ún ọdún 2000, fáírọ́ọ̀sì kan jáde láti Philippines, ó gba gbogbo ayé kan. Lẹ́tà ìfẹ́ ni wọ́n pè é, LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows máa ń fi ìparí orúkọ pamọ́, nítorí náà TXT nìkan làwọn èèyàn rí, wọ́n rò pé ìwé lásán ni. Ta ni kì í fẹ́ ka lẹ́tà ìfẹ́? Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ayọ̀, n ò fẹ́ fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, àmọ́ bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Kí ni atúnṣe yẹn ṣe lójú ẹ?

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Ohun tí mo rántí ni pé lẹ́yìn tó fọ́ọ̀mátì tán, ó ti fíláàṣì ẹ̀ tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà bọ̀ ọ́. Ó ní òun fẹ́ bá mi mú Windows àti Word "ṣiṣẹ́ títí láé". Nǹkan pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà, mo bi í, ó ní ariwo lásán ni, ó lọ sínú ibì kan ó pa á. Ó ní bí òun ò bá pa á, nǹkan tóun fẹ́ fi síbẹ̀ ò ní wọlé.

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:05 alẹ́

Hmm.

Ìyá Ayọ̀, ẹ lọ sí Windows Security, ẹ tẹ Virus & threat protection, ẹ wá Manage settings, ẹ yí i wálẹ̀ títí dé Exclusions. Kí ló wà níbẹ̀?

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:14 alẹ́

C:\

Ìyẹn nìkan.

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:27 alẹ́

Ìdí nìyẹn tí antivirus yín fi ń sọ pé kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti sọ fún ọlọ́dẹ pé kó má wo inú ilé, ẹ̀yìn ògiri nìkan ni kó máa yí ká. Gbogbo ohun tó wà lórí dísíìkì yín wà nínú C. Kì í purọ́ fún yín o, ibi tí wọ́n ní kó wò ló wò.

Bí crack, ètò tí wọ́n fi ń lo Windows àti Word láìsanwó, ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Defender á mú un bí ẹ kò bá pa Defender, nítorí náà ẹni tó ń lò ó á ní kẹ́ ẹ lé ajá wọnú yàrá ná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé àlejò mìíràn pọ̀n sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí atúnṣe yẹn gan-an má mọ̀. Fíláàṣì kan náà ló ń ti bọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ẹ ò nílò crack rárá. HP tó bá Windows 8 tàbí èyí tó tẹ̀lé e jáde láti iléeṣẹ́, nọ́ńbà Windows ẹ̀ ti wà nínú bọ́ọ̀dù ẹ̀ látilẹ̀. Bí ẹ bá fi irú Windows kan náà sórí ẹ̀ láti orí ìkànnì Microsoft, fúnra ẹ̀ ló máa mú ara ẹ̀ ṣiṣẹ́ bó bá ti rí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àmọ́ ìwọ ti ní bíríkì nílẹ̀, kí lo wá ń fi itọ́ ṣe?

Bàbá_Tíṣà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:41 alẹ́

Kí Ìyá Ayọ̀ gbé e lọ bá ọlọ́pàá. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà láti ọdún 2015.

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:58 alẹ́

Bàbá, n ò ní ẹ̀rí pé òun ni, 15,000 sì ti lọ. Ilé ìfowópamọ́ ní àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àbúrò mi lọ sí ti ẹ̀ náà, torí ibẹ̀ ni owó ti jáde. Ó ti lọ. Owó ò tíì padà. Ohun tó kù ni kí n mọ bí mo ṣe máa jẹun lọ́la. Ṣé kí n kàn pa iṣẹ́ Updaate yẹn rẹ́ ni?

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́rú, 6:30 àárọ̀

Ẹ lè pa á rẹ́, bí a ṣe ń tò ó ló ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá pa extension kẹ́ ẹ tó pa ẹni tó ń pè é, ẹ máa ṣe é títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ kọ́kọ́ dá iṣẹ́ inú Task Scheduler yẹn dúró, kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń jí pẹ̀lú kìkì ohun tó kàn dandan: ẹ di Shift mú kẹ́ ẹ tẹ Restart, lẹ́yìn ẹ̀ Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kẹ́ ẹ wá tẹ 4. Níbẹ̀, ẹ pa fódà inú AppData yẹn rẹ́, ẹ pa fódà Chrome inú Policies rẹ́. Bí ẹ bá padà sí Windows, ẹ yọ C:\ kúrò nínú Exclusions, kẹ́ ẹ wá tẹ Microsoft Defender Offline scan. Ó máa pa kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, á yẹ̀ ẹ́ wò kí Windows tó jí, tó bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ rí i pé bátìrì kún, ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Ìpolówó igun ìsàlẹ̀ yẹn ò le, àṣẹ ìfitónilétí tí ìkànnì kan gbà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ilé ni. Settings Chrome, Notifications, ẹ fagi lé gbogbo ohun tí ẹ ò mọ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èrò ọkàn mi. Bó bá jẹ́ aláriwo yẹn nìkan ni, mo máa ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti kó páswọ́ọ̀dù yín, tó sì ní àṣẹ láti kọ C:\ síbẹ̀ yẹn, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé a ti rí gbogbo ihò tó gbẹ́. Gbogbo ohun tí mo kọ lókè yìí, ẹ ṣe é kí ẹ̀rọ lè balẹ̀ tí ẹ máa fi kó ìwé yín jáde. Lẹ́yìn ẹ̀, a máa nù ún nù pátápátá. Lọ́tẹ̀ yìí, a máa ṣe é bó ṣe yẹ.

Bàbá_Tíṣà | Ọjọ́rú, 7:02 àárọ̀

Ẹ ẹ̀ wá rí i? Mo ní kí n sọ fọ́ọ̀mátì lánàá, mo bẹ̀rù pé ẹ máa bú mi.

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́rú, 8:19 àárọ̀

Ẹ fi Linux sí i dípò Windows, Mummy. Amí Windows ò ní mọ ọ̀nà.

Àǹtí_Akẹ̀sán | Ọjọ́rú, 8:40 àárọ̀

Kí ọmọ yìí sinmi. Mo gbìyànjú ẹ̀ rí. Mo fi LibreOffice tí wọ́n ń lò dípò Word tẹ project kan, bí ọmọ yẹn ṣe ṣí i nínú Word lọ́dọ̀ supervisor ẹ̀, table of contents sá lọ sí ojú ewé kejì, àwòrán gun orí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tòun lè gba Linux, tiwa ò lè gbà á.

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́rú, 9:10 àárọ̀

Láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn tó mọ́ ni ẹ máa gbé Media Creation Tool, ètò tó ń ṣe fíláàṣì tí a fi ń gbé Windows wọlé, wá láti ìkànnì Microsoft fúnra wọn, sórí fíláàṣì tó ṣófo tó tó 8GB. Ẹ gbé e wá sí Tákíè, ti èmi náà mọ́, n ò ní gba owó lọ́wọ́ yín. Bó bá béèrè ibi tó máa gbé Windows sí, ẹ pa gbogbo partition, ìyẹn ìpín dísíìkì, tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ìwé Word, PDF àti àwòrán nìkan la máa kó jáde. Ohun tó bá parí sí .exe, .vbs, .bat tàbí .lnk, ó jóná síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Windows 10: Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn ẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò inú bọ́ọ̀dù, lọ́dọ̀ Intel sì rèé, láti processor ìran kẹjọ lọ sókè ló ń gbà. Ìran wo ni tiyín?

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́rú, 9:25 àárọ̀

i5-6200U ló kọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yín ò ní dùn mọ́ mi.

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́rú, 9:33 àárọ̀

Ìran kẹfà nìyẹn, Windows 11 ò ní gbà á. Microsoft fi àfikún àtúnṣe ààbò sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà onílé títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2026, a máa forúkọ tiyín sílẹ̀ nínú Windows Update. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ ti máa tu owó jọ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́rú, 10:47 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà mí o. Ọ̀rọ̀ .lnk tí Ọ̀gá sọ yẹn ló jẹ́ kí n wo fíláàṣì mi. Project mi wà níbẹ̀, àmọ́ ọfà kékeré kan wà ní igun ẹ̀, 2KB sì ni ìwọ̀n ẹ̀. Ojú ewé 60 ló wà nínú chapter 4 mi, báwo ló ṣe máa jẹ́ 2KB?

Ọ̀gá_Tákíè | Ọjọ́rú, 10:59 àárọ̀

Má tẹ̀ ẹ́! Fáìlì rẹ kọ́ nìyẹn, ọ̀nà àbùjá ni. Wọ́n ti fi tòótọ́ pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀, èyí tó o bá tẹ̀ á kọ́kọ́ pe .vbs, lẹ́yìn ẹ̀ á wá ṣí project rẹ kó o má bàa fura. Mú un wá síbi tó ti mọ́. Ṣí Command Prompt, bí lẹ́tà fíláàṣì rẹ bá jẹ́ F, tẹ attrib -h -r -s /s /d F:\*.* Ohun tó pamọ́ á yọjú. Kó ìwé rẹ, kó o fọ́ọ̀mátì fíláàṣì yẹn.

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́rú, 11:08 àárọ̀

Ìwọ ọmọ yìí! Ìgbà wo lo ti fíláàṣì yẹn bọ kọ̀ǹpútà mi gbẹ̀yìn?

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́rú, 11:15 àárọ̀

Ẹ dákun mà. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta 🙏🏾 Ibi tí mo ti lọ tẹ̀wé jáde lẹ́nu géètì ni mo ti kó o, mo fi Ọlọ́run búra.

Àǹtí_Akẹ̀sán | Ọjọ́rú, 11:30 àárọ̀

Ẹ máà bá ọmọ yẹn wí jù. Nínú oṣù kan ṣoṣo, fíláàṣì tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lè tó igba. Mo ti pa AutoPlay, mo sì ti ní kí Windows máa fi ìparí orúkọ fáìlì hàn mí, nínú View, File name extensions. Bí "Chapter 3.docx.exe" bá yọjú báyìí, mo máa ń fi han oníbàárà kí òun náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. A ti parí ẹ̀ lánàá ní Tákíè. Ó gba wákàtí mẹ́ta, iná lọ lẹ́ẹ̀kan, bátìrì gbé e. Bí Ọ̀gá ṣe wí náà ló rí: bó ṣe rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kọ "Windows is activated" láì béèrè kọ́bọ̀. Mo wo gbólóhùn yẹn títí.

Mo ti pa á, mo ti tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹfà láti àárọ̀. Mo jókòó tì í, ojú mi ò kúrò níbẹ̀. Fèrèsé dúdú ò yọ. Exclusions ṣófo. Fáànù ti dákẹ́, mo wá ń gbọ́ adìẹ.

Ayọ̀ ti ní àkáńtì tiẹ̀ lórí ẹ̀ báyìí, kò ní àṣẹ láti fi nǹkan kan sí i. Ó bínú díẹ̀. Mo sì ti kọ ọ́ sórí páálí lẹ́nu ọ̀nà: FÍLÁÀṢÌ KÒ WỌLÉ, Ẹ FI ÍMEÈLÌ RÁNṢẸ́.

Ọmọ_UnderG | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:26 ìrọ̀lẹ́

Mummy, ẹ kú oríire o. Chapter 4 mi ńkọ́? Supervisor ní Ọjọ́ Ajé 🥺

Ìyá_Ayọ̀ | Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:31 ìrọ̀lẹ́

Ó wà níbẹ̀, mo kó o jáde, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wá mú un lọ́la lẹ́yìn ìsìn. Ọwọ́ lásán ni kó o mú wá.